Ère Funfun Lára Ògiri Wa: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Tí Ń Kó Àwòrán Àtijọ́ Jọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí yóò bí àwọn ọ̀rẹ́ mi kan nínú. Mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó mú kálàmù. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Àṣà kan ti wọ àárín àwa alákọ̀wé láti bí ọdún mélòó kan. Bí ẹ bá wọ yàrá àlejò oníṣègùn, ti agbẹjọ́rò, tàbí ti ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, ẹ óò rí i lára ògiri: àwòrán àtijọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà, tí a fi igi aláwọ̀ wúrà yí ká, tí a sì fi díńgí bò. Ìwé inú wọn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Ohun tí a yà sórí wọn ni ère àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́: Apollo tí ó na ọwọ́, Venus tí kò wọ aṣọ, Laocoön àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì tí ejò ń wé mọ́. Ẹni tí ó ni wọ́n yóò sọ fún yín pé Paris ni òun ti rà wọ́n, létí odò Seine, lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ìwé àtijọ́. Yóò sọ iye owó tí ó san. Kì í sábà rí ohun mìíràn sọ nípa wọn.

Èmi kò jowú ẹnikẹ́ni. Èmi pẹ̀lú ní méjì nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ràn wọn. Kì í ṣe àwòrán ni mo ń bá jà. Mo ń bá àìmọ̀ tí a fi ń kó wọn jọ jà, mo ń bá ìwà ìkà tí a ń hù sí ìwé nítorí wọn jà. Mo sì ń bá ojú wa jà, ojú tí ó ti kọ́ láti dọ̀bálẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ná owó gọbọi sórí àwòrán ère òkúta lè jókòó kí ikán máa jẹ ère tí baba ńlá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì mi. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní ọjọ́ kan mo gbé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mi lọ, mo sì gbé fọ́tò ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tí mo yà fúnra mi ní Kétu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọ́n rí. Ọmọbìnrin kan tí orí rẹ̀ pé dáadáa na ọwọ́ sókè, ó ní: «Ọ̀gá, tiwọn kò ní àwọ̀ nítorí pé wọ́n ti lajú. Tiwa ni a kùn bí ohun ìṣeré ọmọdé.» Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó kù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ta ni ó kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ yìí? N kò rí i kà nínú ìwé kankan tí a fi ń kọ́ wọn. Ara ògiri ni ó ti kọ́ ọ: ògiri ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ògiri ilé ìwòsàn, ògiri ilé àwọn tí òbí rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún. Ohun tí a bá gbé kọ́ sí ibi ọlá ní ilé, ọmọ yóò kà á sí ohun ọlá. Èyí tí a bá sì jù sí ẹ̀yìnkùlé, ọmọ yóò kà á sí pàǹtí. A kò ní láti la ẹnu wa rárá.

Kí a tó lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóhùn, ó yẹ kí àwa fúnra wa mọ ohun tí a ń wò. Àwòrán wọ̀nyí, tí àwọn Faransé ń pè ní gravure, kì í ṣe ohun tí a fi gègé yà sórí ìwé. Oníṣẹ́ ọnà mú bàbà pẹlẹbẹ, ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó fín in ní ìlà-ìlà bí afíngbá ṣe ń fín igbá, tàbí kí ó jẹ́ kí omi kíkan jẹ ìlà náà wọ inú bàbà. Ó fi tàdáwà kùn ún, ó nù ún kí tàdáwà lè kù sínú ìlà nìkan, ó tẹ́ ìwé tí ó ti rin lé e, ó sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí. Ìdí nìyí tí ẹ óò fi rí ojú ààlà kan tí ó rì wọ inú ìwé, tí ó yí àwòrán náà ká: ojú ẹsẹ̀ bàbà ni. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí àwòrán ère kan fi lè yí padà bí ojú ẹni nínú díńgí. Ohun tí a fín sí ọ̀tún lórí bàbà, òsì ni ó ń bọ́ sí lórí ìwé, àfi bí oníṣẹ́ náà bá ti kọ́kọ́ yí i padà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1506, àwọn tí ń gbẹ́lẹ̀ nínú ọgbà àjàrà kan ní Róòmù hú ère Laocoön jáde. Póòpù Julius Kejì rà á. Láìpẹ́ ọjọ́, àwọn afínbàbà bẹ̀rẹ̀ sí í fín in, kí ẹni tí kò lè dé Róòmù lè rí i. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Antoine Lafréry, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Lafreri, ń tẹ àwòrán ilé àti ère ìlú náà ní Róòmù fún títà, àwọn tí ń rà wọ́n a sì máa dì wọ́n pọ̀ di ìwé. Ní ọdún 1638, ọmọ Faransé mìíràn, François Perrier, tẹ ìwé kan jáde tí ó ní 100 àwòrán ère Róòmù. Ní ọdún 1719, Bernard de Montfaucon, ẹni tí ó ti fi ara rẹ̀ jìn fún ẹ̀sìn, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ L'Antiquité expliquée jáde ní Paris, ìdìpọ̀ 10, tí àwòrán kún inú wọn fọ́fọ́. Fún nǹkan bí 300 ọdún, inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ti mọ ère àtijọ́. Ẹni tí kò dé Róòmù rí lè sọ̀rọ̀ nípa Apollo bí ẹni pé àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Iṣẹ́ ńlá ni. N kò ní fi ẹnu mi tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí tàdáwà dúdú lórí ìwé funfun ṣe fún ojú àwọn ènìyàn. Àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù a máa kun ère wọn. Wọ́n ń kun irun, wọ́n ń kun ètè, wọ́n ń kun ẹyinjú àti ìṣẹ́tí aṣọ, ní pupa, ní àwọ̀ aró, ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì ń fi wúrà sí ibi tí wọ́n bá fẹ́. Òjò, oòrùn àti ilẹ̀ tí àwọn ère náà sùn sí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni ó ṣí àwọ̀ wọn kúrò. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó hú wọn jáde ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ìyókù dànù. Títí di òní, ẹni tí ó bá wo irú ère bẹ́ẹ̀ fínnífínní ṣì lè rí ìyókù àwọ̀ nínú kọ̀rọ̀ aṣọ àti nínú irun. Ní nǹkan bí ọdún 1815, Quatremère de Quincy tẹ ìwé ńlá kan jáde ní Paris nípa ère Zeus ti Olympia, ó sì fi hàn nínú rẹ̀ pé àwọn ará àtijọ́ fi wúrà, eyín erin àti oríṣiríṣi àwọ̀ ṣe ère. Ṣùgbọ́n ojú ti mọ́ funfun lára nígbà náà. Winckelmann, ọmọ Jámánì, tí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn iṣẹ́ ọnà àtijọ́ jáde ní 1764, ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ara bá ṣe funfun tó ni yóò ṣe lẹ́wà tó. Bàbà kò lè gbé àwọ̀, òjò sì ti fọ òkúta: ohun tí ó jẹ́ àìtó irinṣẹ́ àti ìpalára ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sọ ọ́ di òfin ẹwà.

Òfin yìí ni wọ́n fi wo iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ọmọ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí orí idẹ tí a ń pè ní orí Olókun. Ẹwà rẹ̀ yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gbà pé ọwọ́ Yorùbá ni ó ṣe é. Ó wá Gíríìkì lọ, ó sì wá Atlantis lọ, erékùṣù tí wọ́n ní ó rì sínú òkun, kí ó lè rí baba fún orí náà. Ẹ rò ó wò. Ó rọrùn fún un láti gba ìlú tí ojú ẹnikẹ́ni kò rí rí gbọ́ ju kí ó gba àwọn baba wa gbọ́. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Àwòrán tí ó ti wò láti kékeré ni ó wà láàárín òun àti ohun tí ó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Mo ní: «Ọmọ mi, àwọn náà kùn ún. Ère wọn, ní ọjọ́ tí ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ, ó jọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Kétu ju bí ó ti jọ ìwé tí mo gbé dání yìí lọ.» Ó dákẹ́, ó wo àwòrán méjèèjì títí, ó wá bi mí pé: «Ta ni ó wá fọ̀ ọ́?» Mo kọ ìbéèrè náà sórí pátákó, a kò sì ṣe iṣẹ́ mìíràn ní ọjọ́ náà.

Ẹ tún wo apá Laocoön. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sí. Àwọn tí ó tún un ṣe fi apá mìíràn sí i, tí ó nà tàntàn sókè, bẹ́ẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú àwọn afínbàbà sì ṣe fín in. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tí ó kọjá, Ludwig Pollak rí apá gidi náà ní Róòmù: ó ká padà sẹ́yìn orí. Apá tí ó nà sókè ti kúrò lára ère. Lára ògiri yín, ó ṣì nà. Ẹni tí ó bá mọ èyí, àwòrán rẹ̀ níye lórí sí i, nítorí pé ó ń fi ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ ní ìgbà kan hàn án. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, irọ́ ni ó rà.

Ẹ̀sùn mi kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Àjàṣẹ́ ránṣẹ́ pè mí ní àsìkò òjò pé ikán ti wọ ẹ̀yìn ọ̀kan nínú àwọn àwòrán rẹ̀. A sọ ọ́ kalẹ̀, a tú u. Páálí ẹ̀yìn rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, ṣùgbọ́n ikán kò tíì dé ara ìwé. Nígbà tí mo gbé ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀, mo rí ihò kéékèèké ní etí rẹ̀ lápá òsì, wọ́n tẹ̀ léra wọn lọ́gbọọgba. Ibi tí òwú ìdìwé ti gbà kọjá nìyẹn. Etí náà sì gún régé bí ohun tí a fi abẹ gé. Ní òkè, nọ́ńbà wà níbẹ̀, èyí tí díńgí àti igi ti bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní: «Ọ̀rẹ́, ìwé kan ni wọ́n pa kí èyí tó dé ilé rẹ.»

Báyìí ni òwò náà ṣe rí. Bí òǹtajà bá ní odindi ìwé àwòrán àtijọ́ kan, ẹnìkan ṣoṣo ni yóò rà á, ẹni náà kò sì wọ́pọ̀. Bí ó bá fi abẹ tú u, yóò rí ọgọ́rùn-ún oníbàárà fún ọgọ́rùn-ún ojú ìwé, èrè àpapọ̀ sì lè ju owó odindi lọ. Ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi ṣàlàyé àwòrán náà kò ní oníbàárà. Kò sí ẹni tí yóò fi ojú ìwé ọ̀rọ̀ sínú díńgí. Ààtàn ni yóò gbà á. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo àwòrán ni ó ti inú ìwé tí a pa jáde. Àwọn kan wà tí a tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, bí irú èyí tí Lafreri tà. Ìwé kan sì wà tí omi tàbí kòkòrò ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe kí abẹ tó dé ara rẹ̀. Ìdí gan-an nìyí tí ó fi yẹ kí a máa béèrè. Ẹni tí kò béèrè ni ó ń fi owó rẹ̀ pọ́n abẹ fún òǹtajà.

Wọn yóò ní: «Ìwé tí a tì mọ́ inú àpótí, ta ni ń wò ó? Èyí tí ó wà lára ògiri, gbogbo ènìyàn ń rí i.» Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n àwa ni ó yẹ kí ó kẹ́yìn láti gbà á. Ta ni ó mọ̀ jù wá lọ bí ó ti rí nígbà tí a bá yọ ère kúrò níbi tí a ti gbẹ́ ẹ, tí a bọ́ aṣọ rẹ̀, tí a gba ìlù àti orin lẹ́nu rẹ̀, tí a wá gbé orí igi nìkan sínú àpótí díńgí ní ìlú òkèèrè? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe orí igi. Orí igi, aṣọ, ijó, ìlù, orin Ẹ̀fẹ̀ àti àwọn ìyá tí a ń tù lójú, gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ère tí ó dá wà nínú díńgí, ojú ìwé tí a fi abẹ gé ni òun náà. A kò lè máa sunkún èyí kí a sì máa ra ìyẹn.

Ó sì ku ẹ̀sùn kan, èyí tí ó kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní ọdún 1796, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Bonaparte wọ Ítálì, wọ́n fi agbára mú Póòpù kí ó fi 100 iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ fún Faransé. Laocoön wà nínú wọn, Apollo ti Belvedere náà wà nínú wọn. Ní oṣù keje ọdún 1798, wọ́n kó wọn gba ìgboro Paris pẹ̀lú ayẹyẹ ìṣẹ́gun. Quatremère tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti kọ lẹ́tà jáde ní 1796 kan náà láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ní Róòmù fúnra rẹ̀ ni ilé ìṣura, ère àti ilẹ̀ tí ó dúró sí kò ṣeé pín níyà. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀. Ìgbà tí Laocoön wà ní ìgbèkùn ní Paris ni Bervic fín àwòrán rẹ̀ kan tí ó lókìkí, fún ìwé ńlá tí a ń pè ní Le Musée français. Nígbà tí Napoleon ṣubú ní 1815, Róòmù béèrè ère rẹ̀, ó sì gbà á padà. Àwòrán náà kò padà síbì kankan. Ó di ọjà. Bí ọ̀kan nínú yín bá ní in nílé, ẹ mọ̀ pé àwòrán ohun tí a jí gbé ni, tí a fín ní ilé ẹni tí ó jí i.

Ẹ wá bá mi ka ọdún. Láti 1798 sí 1815, ọdún 17 ni. Ní ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Faransé tí Dodds ṣe olórí wọn kó ìṣura ààfin Àgbómẹ̀ lọ. Oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni 26 nínú wọn tó padà dé Kútọnu. Ọdún 129 ni. Ère irin ńlá tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Gu, tí àwa mọ̀ sí Ògún, kò sí nínú wọn. Paris ni ó dúró sí. Nígbà tí wọ́n sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ dídá ohun ìṣura padà ṣòro, pé òfin kò fàyè gbà á, pé kò sí irú rẹ̀ rí, ìdáhùn wà lára ògiri yàrá àlejò wa, nínú igi aláwọ̀ wúrà. A kò mọ̀, nítorí a kò ka ohun tí a rà.

Èmi ọmọ Kétu kò sì gbàgbé pé Dàhòmì tí wọ́n kó lẹ́rù lọ yìí ni ó ti fọ́ ìlú wa ní 1886, tí ó sì kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú. Ẹni tí a jà lólè lónìí lè ti ja ẹlòmíràn lólè lánàá. Ìyẹn kò sọ olè kejì di ẹ̀tọ́. Ó kàn ń kọ́ wa pé kí a má ṣe purọ́ nípa ìtàn ara wa nígbà tí a bá ń tú àṣírí irọ́ ẹlòmíràn ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fò sókè báyìí, wọn yóò ní: «A ti sọ bẹ́ẹ̀! Nǹkan òyìnbó ni, ẹ já wọn lulẹ̀, ẹ sun wọ́n!» Rárá o. N kò sí lẹ́yìn yín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Àwọn ará Róòmù fúnra wọn, ère Gíríìkì ni wọ́n ń wò ṣe púpọ̀ nínú tiwọn, kò sì sí ẹni tí ó fi ìyẹn bú wọn. Nílé wa níhìn-ín, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé wo ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, wọ́n sì fi ìrísí rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ fún ìjọsìn Mùsùlùmí. Ta ni yóò sọ pé mọ́ṣáláṣí náà kì í ṣe tiwa? Ohun tí wọ́n mú, wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ìtàn Laocoön pàápàá, ẹ lọ gbọ́ ọ: àwòrò ìlú Troy ni, ẹni tí ó kìlọ̀ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gba ẹṣin onígi tí àwọn ọ̀tá fi sílẹ̀ bí ẹ̀bùn. Wọn kò gbọ́. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ yẹ lára ògiri ọmọ Kétu, níwọ̀n ìgbà tí onílé bá lè sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò.

Ohun tí ó dùn mí jù nìyí. Perrier jẹ́ àlejò ní Róòmù, síbẹ̀ ó fi bàbà àti irin ṣe àkọsílẹ̀ ère 100 kí àwọn tí kò ì tíì bí lè rí wọn. Àwa tí a bí ní Kétu, tí a bí ní Sábẹ̀ẹ́, tí fóònù olójú àwòrán wà lápò kálukú wa, èwo ni a ti kọ sílẹ̀? Ní ọdún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Inú wa dùn, a jó. Ṣùgbọ́n ikán kò mọ ìwé ẹ̀rí kà. Mo ti wọ ilé tí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mẹ́ta dojúbolẹ̀ nínú yàrá tí òjò ń jò sí, tí onílé kò sì lè sọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni baba rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ọdún kejì tí mo padà lọ, ó ku ọ̀kan. Ó ní àjèjì kan ni ó ra méjì yòókù. Mo bi í léèrè iye tí ó gbà. Kò tó owó àwòrán kan ṣoṣo nínú ilé ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó àwòrán jọ, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Ẹ ní owó, ẹ ní ojú, ẹ sì ní sùúrù tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú igi. Ẹ wò ó bóyá abẹ ti kan etí rẹ̀, kí ẹ sì bi òǹtajà léèrè inú ìwé wo ni ó ti wá. Ẹ ka ọ̀rọ̀ kékeré tí ó wà nísàlẹ̀: ẹni tí a kọ delineavit sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó yà á, ẹni tí a kọ sculpsit sí ti ẹ̀ ni ó fín in, ẹni tí a kọ excudit sí tirẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ má jẹ́ kí a tàn yín pẹ̀lú: bàbà àtijọ́ ṣì wà tí a ń fi tẹ ìwé tuntun, ilé Louvre ní Paris ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀, ó sì ń tà wọ́n ní gbangba gẹ́gẹ́ bí àtẹ̀jáde òde òní. Kò sí àbùkù níbẹ̀, bí kò bá ṣe pé ẹlòmíràn tún un tà fún yín ní owó ohun àtijọ́. Bí ẹ bá sì ti ní in, ẹ má gbé e kọ́ sí ojú oòrùn, ẹ má jẹ́ kí díńgí lẹ̀ mọ́ ìwé, ẹ má fi páálí lásán sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà láàárín rẹ̀ àti ògiri tí ó ń rin ní àsìkò òjò.

Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi owó àwòrán kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún ilé. Kí ẹgbẹ́ wa yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé kan, àwòrán ère 100 bíi ti Perrier, láti Kétu, láti Sábẹ̀ẹ́, láti Pọ́bẹ̀ àti Sàkétè. Kí a yà wọ́n pẹ̀lú àwọ̀ wọn. Kí a wọ̀n wọ́n, kí a kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn, orúkọ ilé tí ó ni wọ́n, orin tí a fi ń gbé wọn jó. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà kí a tó ya ohunkóhun. Àwọn ère kan wà tí òru ni wọ́n ń jáde, tí kò tọ́ kí ìmọ́lẹ̀ fìtílà mọ́lẹ̀ sí wọn lára. Àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe ti ògiri, kì í ṣe ti ìwé, àìfihàn wọn gan-an ni ìtọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń jó ní ọjà lójú gbogbo ènìyàn, ìtìjú ni fún wa bí ó bá kú láìní àkọsílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí ikán wọ àwòrán rẹ̀ kò jù ú nù. Ó ra páálí tí ó dára, ó sì tún un kọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé ère ìbejì ìyá ìyá rẹ̀ sórí pákó kékeré, èyí tí ó ti wà nínú àpótí aṣọ láti ọdún pípẹ́, tí osùn ṣì pọ́n lára rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ọmọ rẹ̀ kékeré ń ṣàlàyé méjèèjì fún àlejò kan. Ó ṣì apá Laocoön sọ. Ti ìbejì, kò ṣì í.